Tíì Tó Dá Ẹ̀rín Padà

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n fi dúró nídìí tábìlì kan náà ní ilé ìfọṣọ. Òun ló ń lọ aṣọ, èmi ni mò ń ká a. Aṣọ ìbùsùn ilé ìtura, kọ́tìnì, yunifọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì, abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n là ń pè é nítorí òun ló dàgbà jù nínú wa, kì í sì í ṣe obìnrin téèyàn ń pe orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Ó ga, ó sanra díẹ̀, àpá iná mẹ́ta sì wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bó bá ti ní báyìí ni nǹkan rí, báyìí náà ló máa rí. Ọ̀gá wa pàápàá, bó bá fẹ́ yí ètò iṣẹ́ padà, á kọ́kọ́ yọjú wá wo bí ojú Ẹ̀gbọ́n ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ọkùnrin. Akunlé ni. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí, torí bó bá wà lórí àkàbà tó ń kun ògiri, ẹ̀rín rẹ̀ lèèyàn máa kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá wọn kú, Ẹ̀gbọ́n sì jẹ́ ẹni ogún ọdún. Baba wọn ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwé, òun náà ló bá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀dà sọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, Ẹ̀gbọ́n ló wo ọmọbìnrin náà láti òkè délẹ̀ kó tó ní ó dáa, ẹ máa bọ̀.

Ọdún tí ọkùnrin yìí pé ẹni ọdún méjìdínlógójì ni kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wú. Ó ní àkàbà ni. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ wú, kò sì sí àkàbà tó ń mú ojú wú. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Nígbà yẹn ó ṣì lè ṣẹ̀fẹ̀. Ó sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé, “Àǹtí mi, iṣẹ́ ìdílé wa náà rèé. Ẹ̀yin ń fọṣọ, wọ́n ń fọ èmi.”

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sún mọ́ ọn wò. Ti ìyàwó rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Ti Ẹ̀gbọ́n bá a mu débi pé dókítà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀gbọ́n ò gba ọjọ́ méjì rò ó. Ó wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó lọ aṣọ tó wà nílẹ̀ tán, ó fa pọ́ọ́gì iná yọ, ó ní, “Mo ń lọ fún àbúrò mi ní kíndìnrín kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi áyọ́ọ̀nù mi jó kọ́là aṣọ.” Ó jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló lò kó tó padà wá, pẹ̀lú àpá gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Kíndìnrín gba ilé tuntun rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà ti ṣàlàyé fún tẹbítará pé ara kì í gbàgbé pé àlejò ni nǹkan náà. Àfi kí oògùn máa tẹ àwọn ọmọ ogun ara lórí ba lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á gbéjà ko àlejò náà títí wọn á fi pa á. Hóró mẹ́ta láàárọ̀, hóró mẹ́ta nírọ̀lẹ́, aago méje géérégé, títí ayé. Ìyàwó ló gba iṣẹ́ yẹn. Aránṣọ ni, yàrá iwájú ilé wọn ló ń ṣiṣẹ́ sí, ojú ẹ̀ sì mú dáadáa. Ó kó àwọn hóró náà sínú àpótí kékeré tó fi ń kó bọ́tìnì tẹ́lẹ̀, ojúlé kan fún ọjọ́ kan.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún Ẹ̀gbọ́n ni pé inú òun náà máa dà bí ilé tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Fún oṣù kan, gbogbo ayé ló ń kí i. Wọ́n ní ó ṣe é, wọ́n ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wọlé, “Báwo ni àbúrò yín?” ló máa béèrè. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé báwo ni ìwọ alára. Èmi gan-an ò bi í. Mo kàn ń rí i pé ó lè dúró síwájú ẹ̀wù kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó gbé áyọ́ọ̀nù dání, kó má sì tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin kan máa ń gbé kọ́tìnì wá fún wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Màmá Tíṣà là ń pè é. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí.

“Ojú rẹ wálẹ̀,” ló wí.

“Kò sí nǹkan kan, mà.”

“Nǹkan wà. Má parọ́ fún tíṣà.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìgò kan wá tó kún fún ìyẹ̀fun, ewé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná tòun ti òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kú, ohun tó gbé òun dìde nílẹ̀ nìyẹn. Ṣíbí kan nínú omi gbígbóná, kéèyàn mu ún tòun ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò náà pé ó ń mú ọkàn fúyẹ́. Wọ́n kọ ọ́ pé ewé pọ́ńbélé ni, kò ní ìpalára. Mo kà á fúnra mi, torí lórí tábìlì ìkáṣọ mi ni ìgò náà ń gbé.

Tíì la sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ń mu ún. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó tún ń bá àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó aṣọ jà bíi ti tẹ́lẹ̀, a sì dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ti dákẹ́. Kíndìnrín ń ṣiṣẹ́, ìtọ̀ ń jáde gaara, ẹsẹ̀ ò wú mọ́, gbogbo nǹkan tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́sibítù ló dáa. Ọkùnrin náà gan-an ni kò sí nílé. Ó máa ń jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á kọ ẹ̀yìn sí ìta. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́. Bí wọn ò bá gbé e wá, kò ní béèrè. Oṣù márùn-ún ni ìyàwó fi tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lójú ẹni tí kò bá a sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lóòjọ́. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bi í pé kí ló ń dùn ún, ó ní, “Àǹtí mi, kò sóhun tó ń dùn mí. Kò sóhun tó ń dùn mọ́ mi náà.”

Ọjọ́ Sátidé kan, Ẹ̀gbọ́n gbé ìgò tirẹ̀ lọ sílé wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún mi, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń sọ ọ́ bákan náà, kò fi nǹkan kan bò.

Ó gbé omi kaná. Ìyàwó dìde nídìí ẹ̀rọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Àǹtí, ṣé ẹ ò rò pé ká kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè lọ́sibítù?”

“Kí la fẹ́ bi wọ́n?”

“Bóyá ó lè mu nǹkan mọ́ oògùn ẹ̀. Wọ́n ní ká máa béèrè.”

“Ìyàwó, ewé ni. Èmi náà ń mu ún, ṣé mo ti kú? Ṣé a óò máa lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ dókítà ká tó mu omi gbígbóná ni?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí.”

“Kíndìnrín ta ló wà nínú ẹ̀? Ṣé mo lè gbé ohun tó máa bà á jẹ́ wá?”

Ìyàwó padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹlẹ́rìn-ín mu tíì náà, ó fún ojú pọ̀ torí ó korò, ó sì gbé ife sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin lọ sí ìkarùn-ún, fóònù Ẹ̀gbọ́n dún níbi iṣẹ́. Ìyàwó ni. Ó kàn gbé fóònù sókè sínú yàrá. A gbọ́ ọ, èmi àti Ẹ̀gbọ́n, etí wa méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín lókèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ń kó o jọ láti oṣù márùn-ún. Àwòrán kan ló rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n fi aṣọ ìbùsùn ilé ìtura nu ojú, mo sì ní láti tún un fọ̀.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọkùnrin náà béèrè búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó kun yàrá iwájú, tòun ti ibi tí ìyàwó ń gbé ìgbálẹ̀ sí. Ó ń ṣẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wá rán aṣọ. Ìyàwó fúnra rẹ̀ wá sílé ìfọṣọ wa, ó di ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n mú, ó ní, “Àǹtí, ẹ ṣé. Ẹ ti fún un ní ẹ̀mí lẹ́ẹ̀mejì.” Òun fúnra rẹ̀ ló ń po tíì náà báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ pé ká béèrè lọ́sibítù ti kúrò lọ́kàn gbogbo wa.

Oṣooṣù ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn tíì, wọ́n ní ìwọ̀n oògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Wọ́n fi hóró kan kún un. Oṣù kejì, ó tún lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń kó jáde sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kù sínú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ka ìbéèrè inú ìwé rẹ̀ fún un bó ṣe máa ń kà á nígbà gbogbo. Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín déédéé? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé oògùn mìíràn wà tí ẹ ń lò? Rárá. Kò parọ́. Lójú tirẹ̀, oògùn ni ohun tí dókítà kọ. Tíì ni tíì.

Dókítà pe Ẹ̀gbọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó ní irú nǹkan báyìí, nígbà tí àwọn bá rí i, ó túmọ̀ sí pé aláìsàn ń fo oògùn. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ pàápàá bí inú èèyàn bá ti ń dùn, wọ́n á rò pé ara ti yá.

Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe kúrò níbẹ̀, ilé wọn ló gbà lọ. Àwọn oníbàárà méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wọn aṣọ. Kò dúró kí wọ́n lọ.

“Ìwọ ni mo fi oògùn ẹ̀ sí lọ́wọ́,” ló wí. “Ohun kan ṣoṣo tí mo ní kí o ṣe nìyẹn. Mo jẹ́ kí wọ́n là mí nínú, ìwọ ò lè ṣí àpótí bọ́tìnì.”

“Àǹtí, mò ń fún un.”

“Dókítà ní kò lò ó.”

“Ìṣojú mi ló ti ń gbé e mì.”

“Ṣé dókítà ló wá ń parọ́?”

Ìyàwó gbé àpótí náà wá, ó tú u dà sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn hóró náà lọ́kọ̀ọ̀kan sójú Ẹ̀gbọ́n: ti òní, ti ọ̀la, ti ọ̀tunla. Kò sí ọ̀kan tó lé, kò sí ọ̀kan tó dín. Ẹ̀gbọ́n ní èèyàn lè kó o dànù sínú ṣáláńgá tó bá wù ú. Àwọn oníbàárà méjèèjì kó aṣọ wọn, wọ́n lọ. Wọn ò padà wá.

Ó sọ èyí fún mi lọ́jọ́ kejì, mo sì ní ó ṣe é, ó yẹ kí wọ́n bá obìnrin náà wí. Ohun tí mo sọ nìyẹn, mi ò lè gbé e pamọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ibà mú Ẹlẹ́rìn-ín, ìtọ̀ rẹ̀ dínkù, ibi tí wọ́n gbé kíndìnrín sí le bí òkúta. Wọ́n dá a dúró sọ́sibítù. Ẹ̀gbọ́n ní kí n sin òun lọ. Nígbà tí a débẹ̀, ìyàwó wà lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì, Ẹ̀gbọ́n dúró lápá òsì, wọn ò wo ara wọn. Èmi dúró lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Ara ti ń ṣa kíndìnrín náà jẹ, àwọn dókítà sì ń fa oògùn alágbára sí i lára.

Apòògùn ọsibítù ló wọlé, ọmọbìnrin kan tó wọ awò, ìwé kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè bí nọ́ọ̀sì ṣe ń béèrè. Ó fa àga, ó jókòó.

“Ẹ bá mi ka àná, sà. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti jí. Gbogbo ohun tó gba ẹnu yín kọjá.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó máa pẹ́ o.”

“Mo ní àyè.”

Ó kà á. Omi. Hóró mẹ́rin. Búrẹ́dì àti ẹyin. “Lẹ́yìn náà, tíì Àǹtí mi.” Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ìrẹsì lọ́sàn-án, ẹja. “Tíì Àǹtí mi.”

“Irú tíì wo nìyẹn, sà?”

Ìyàwó ló nawọ́ sínú àpò rẹ̀. Ó ti gbé e dání wá sọ́sibítù kí ọkọ rẹ̀ má bàa pàdánù ti ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin náà gba ìgò, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó ṣí i, ó rùn ún. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ó tó ìgbà wo?”

“Ó ń lọ sí oṣù mẹ́ta,” ìyàwó ní.

Ọmọbìnrin náà dìde, ó lọ pe dókítà, wọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, dókítà sì fi ọwọ́ gbá iwájú orí rẹ̀. Apòògùn náà padà wá bá wa. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

“Ohun gbogbo tẹ́ ẹ bá gbé mì, ìfun á fà á sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì kọ́kọ́ gbé e gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé ibòmíràn. Ẹ̀dọ̀ ò mọ èwo ni ewé, kò mọ èwo ni hóró. Ohun tí kò bá ti jọ oúnjẹ lójú ẹ̀, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, á lé e jáde. Oògùn tí à ń fún wọn, a mọ ìwọ̀n tí ẹ̀dọ̀ máa ń fọ́ dànù nínú ẹ̀, a ti rò ó mọ́ ọn. Àmọ́ nǹkan kan wà nínú ewé yìí tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Kò gbà ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ò ní dúró lórí ewé nìkan. Oògùn yìí gan-an wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n fọ́. Ìfun náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà kó tó wọlé. Ohun tó yẹ kó ṣọ́ kíndìnrín di ìrọ̀lẹ́, kó tó di ọ̀sán, ó ti tán nínú ẹ̀jẹ̀.”

“Ìyẹn ni pé ó ń lo oògùn ẹ̀,” ìyàwó ní. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

“Ó ń lò ó, mà. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o dànù.”

Ìyàwó gbé ojú sókè wo Ẹ̀gbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo wo ilẹ̀.

“Èmi náà mu ún,” Ẹ̀gbọ́n ní. “Mo ti mu ún ṣáájú ẹ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.”

“Ẹ ò lo oògùn kankan mọ́ ọn, mà. Ẹ̀dọ̀ tiyín náà gba òṣìṣẹ́, wọn ò kàn rí nǹkan bàjẹ́ ni. Fún ẹ̀yin, ewé tó dáa ni.”

“Ó mú un rẹ́rìn-ín.”

“Mo mọ̀, mà. Òótọ́ nìyẹn náà.”

“Bí a bá ṣíwọ́ ẹ̀ lónìí ńkọ́?”

“A ti ṣíwọ́ ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ máa lo bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dá àwọn òṣìṣẹ́ yẹn sílẹ̀. A óò máa ṣọ́ ìwọ̀n oògùn lójoojúmọ́, kó má wá pọ̀ jù bí wọ́n bá ti ń lọ. Ohun tó ti bàjẹ́ lára kíndìnrín ni mi ò lè ṣèlérí.”

Ẹlẹ́rìn-ín gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó nawọ́ sí Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ti yí padà, ó ti ń jáde. Mo bá a lọ́dẹ̀dẹ̀, ó fi orí ti ògiri. Ìyàwó jáde tẹ̀ lé wa. Mo rò pé ó fẹ́ bú u ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ.

“Mo ní ká béèrè.”

Ó padà wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi jà fún kíndìnrín náà. Lógúnjọ́, wọ́n ní kíndìnrín náà ti kú. Wọ́n yọ ọ́ jáde lẹ́yìn ìyẹn nítorí ó ń dá ibà sí i lára. Ẹ̀gbọ́n béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé kí ni wọ́n ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti kó o mọ́ àwọn ìyókù tí wọ́n ń jó. Ẹ̀gbọ́n padà wá lọ aṣọ lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Màmá Tíṣà gbé kọ́tìnì wá. Ẹ̀gbọ́n sún kọ́tìnì obìnrin náà padà sí i lórí káńtà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú gbogbo wa. Obìnrin náà fetí sílẹ̀ títí dé òpin, ojú rẹ̀ pọ́n.

“O ò sọ fún mi pé o máa fún ẹlòmíràn,” ló wí. “Ìwọ ni mo fún. Ó sì wò ọ́ sàn.”

Òótọ́ lobìnrin náà sọ, ìyẹn ló sì burú jù. Ẹ̀gbọ́n ń wá ẹnì kan tó máa dì mú lọ́rùn, kò rí. Dókítà ní àwọn béèrè nípa oògùn mìíràn, wọ́n ní rárá. Àwọn tó lọ ewé náà ní ewé pọ́ńbélé làwọn tà, kò sì sí irọ́ nínú ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ò bínú sí i, Ẹ̀gbọ́n sì sọ fún mi pé ìyẹn gan-an ló ń pa òun. “Bó bá bú mi, màá mọ ibi tí mo wà,” ló wí.

Ìyàwó ò jẹ́ kó wọlé mọ́. Kò pariwo lé e lórí. Bí Ẹ̀gbọ́n bá kan ilẹ̀kùn, á jáde sí i, á fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, á ní ọkọ òun ń sùn. Bó bá gbé èso wá, á ní kó gbé e padà. Ó ní ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá, ìbáà ṣe omi, ọkọ òun ò ní mu ún. Nítorí náà, ọsibítù ni Ẹ̀gbọ́n ti ń rí i, ní àwọn ọjọ́ tó bá wà lórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Á tọrọ àyè níbi iṣẹ́, á jókòó tì í ní wákàtí kan. Ìbànújẹ́ àtijọ́ náà ti padà bo àbúrò rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn mìíràn fún ọkàn rẹ̀, kò rí bíi ti tíì.

Ọmọbìnrin apòògùn yẹn bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kó wá bá àwọn aláìsàn àti àwọn ẹbí wọn sọ̀rọ̀. Ó ní ẹnu rẹ̀ máa wọ̀ wọ́n létí ju ti àwọn lọ. Ẹ̀gbọ́n kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹrin, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ. Bí ogún èèyàn ló wà nínú yàrá náà. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi, kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀: bí wọ́n ṣe ní ká béèrè, bí òun ṣe ní ká má béèrè, bí òun ṣe fẹ̀sùn kan ìyàwó, ibi tí ẹ̀dọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, àwọn kan sunkún.

Nígbà tó ń jáde, obìnrin kan sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì. Ọkọ ìyẹn ti gba kíndìnrín lọ́dún tó kọjá, ó sì ti dákẹ́ láti ìgbà náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà,” obìnrin náà ní. “Ewé yẹn, tó mú un rẹ́rìn-ín. Níbo lèèyàn ti lè rí i rà? Díẹ̀ báyìí ni mo fẹ́ fún un. Mi ò ní jẹ́ kó pọ̀.”

Mo béèrè èsì tó fún un. Ó ní òun ò rántí. Ó ní òun kàn ń rìn lọ, obìnrin náà sì ń tẹ̀ lé òun, títí tó fi sú u. Ẹ̀gbọ́n ò lọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín lo ọdún méjì àti oṣù mélòó kan lórí ẹ̀rọ. Ọkàn rẹ̀ ló dúró nígbẹ̀yìn, ní Ọjọ́rú kan, ó ń múra àtilọ sọ́sibítù. Ìyàwó ò pe Ẹ̀gbọ́n. Ó rán ọkùnrin kan tó ń gbé ilé kejì wá, a sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó dé. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, ó fa pọ́ọ́gì iná yọ, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ibi tí àwọn ojúlùmọ̀ jókòó sí ló jókòó sí. Kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ síwájú, òun náà ò sì lọ.

Ó ti kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù báyìí, èmi ni mo bọ́ sípò rẹ̀. Mo máa ń lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú. Ní oṣù tó kọjá ló sọ fún mi pé òun pàdé ìyàwó lójú ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń ta òwú. Wọ́n fojú kan ara wọn, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè yà sí.

Mo ní, “Ṣé ó kí yín?”

“Ó kí mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ pàápàá. Ó ní, ‘Ẹ káàárọ̀, mà.’”

Mo ní ìyẹn dáa, ó ti ń rọ̀ nìyẹn.

“Ìwọ ò gbọ́ ohun tí mo sọ,” Ẹ̀gbọ́n ní. “Ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ yẹn fi pè mí ní Àǹtí. Mà ló pè mí. Bí ẹni tó fẹ́ gba aṣọ lọ́wọ́ mi.”